Sáà Kan Tàbí Ọdún Kan Gbáko?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní yunifásítì Amẹ́ríkà ló láǹfààní láti lọ kàwé fún ìgbà díẹ̀ ní Ìlú Ọba. Akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ là ń pe irú wọn: ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sanwó fún, oyè ibẹ̀ náà ni wọn yóò gbà. Ohun tó máa ń kó àwọn òbí ní ìrònú ni pé, ṣé kí ọmọ lo sáà kan, láti oṣù Kẹsàn-án sí Kejìlá, àbí kó dúró di oṣù Kẹfà?

Tí a bá fojú owó wò ó, sáà kan ló fúyẹ́ jù. Ẹ̀kọ́ tí kò bá ju oṣù mẹ́fà lọ, ìwé àṣẹ àlejò tó o. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ nílò físà, ETA, ìyẹn ìyọ̀ǹda ìrìn-àjò, ni yóò gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olódún kan gbọ́dọ̀ gba físà akẹ́kọ̀ọ́, kó sì san £776 lọ́dún fún ìtọ́jú ìlera. Owó náà pọ̀, n kò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó san án lè rí dókítà NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, láìtún sanwó, ó sì lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Àlejò kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ rárá, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Peckham.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ìdánwò kéékèèké àti iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti mọ́ ọmọ tó ti Amẹ́ríkà wá lára. Ní Ìlú Ọba, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ ìtàn tàbí lítíréṣọ̀, wákàtí díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níwájú olùkọ́ lọ́sẹ̀. Ìyókù, ìwé kíkà ni. Wọ́n á kó orúkọ ìwé rẹpẹtẹ lé e lọ́wọ́, òun ni yóò mọ èyí tó yẹ kó kà, tí yóò sì gbé èrò tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àròkọ kan àti ìdánwò kan lè gbé gbogbo máàkì.

Àròkọ àkọ́kọ́ ló máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọmọ gba 62, ó rò pé òun ti bàjẹ́, torí D ni 62 ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀, máàkì tó dáa ni ní Ìlú Ọba. Láti 70 ni ipele kìíní ti ń bẹ̀rẹ̀. Òbí tó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn á tètè lóye èyí, nítorí abẹ́ Yunifásítì London ni Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ohun tó níye lórí ju máàkì lọ ni ohun tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: ibi tí àlàyé ti rọ, ibi tí ọmọ ti gba ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí. Inú àròkọ tó tẹ̀ lé e ni yóò ti lo ìmọ̀ràn yẹn.

Onísáà kan kì í sábà rí àǹfààní yìí. Ìparí sáà ló ń fi àròkọ ńlá ránṣẹ́, èsì rẹ̀ á sì bá a nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣe ìdánwò ní oṣù Karùn-ún á kàn fún un níṣẹ́ mìíràn dípò. Ìgbà tí ojú rẹ̀ ń mọlẹ̀, tó ń lọ́rẹ̀ẹ́, ló ń di ẹrù.

Sáà kan ní ẹni tó yẹ ẹ́. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà lè pàdánù kọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ nílé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yan sáà oṣù Kíní, kó lè bá àwọn yòókù ṣe ìdánwò.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ń ka ìtàn, lítíréṣọ̀ tàbí ìṣèlú, tí agbára yín sì ká a, ẹ jẹ́ kó lo ọdún náà pé. Kó tó wọ bàálù, ẹ ní kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó sọ àwọn kọ́ọ̀sì tí wọn yóò kà mọ́ oyè rẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe yí máàkì Ìlú Ọba sí tiwọn.