Fífi Kátítà Tọ̀ Fúnra Ẹni: Ohun Tó Yẹ Kí Ọkùnrin Tó Ní Ìṣòro Próstéètì Mọ̀

Ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ni próstéètì wà lára ọkùnrin, ó sì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Bí ọkùnrin bá ṣe ń dàgbà ni ó sábà máa ń tóbi sí i. Tó bá tóbi jù, á fún ọ̀nà ìtọ̀ mọ́ra: ìtọ̀ á máa kán tótó, apá kan á sì máa ṣẹ́ kù sínú. Ìtọ̀ tó ń ṣẹ́ kù yìí lè fa àrùn, òkúta lè ti ibẹ̀ wá, ó sì lè ba kídìnrín jẹ́.

Kátítà, rọ́bà tín-ín-rín oníhò, ni wọ́n fi ń fa ìtọ̀ náà jáde. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ sára aláìsàn, tí àpò sì so mọ́ ọn. Ọ̀nà mìíràn ni kí ọkùnrin náà máa ti kátítà bọ ọ̀nà ìtọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó tọ̀ tán, kí ó sì yọ ọ́. Dókítà Jack Lapides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan, ní Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1972. Wọ́n fi hàn pé ọwọ́ mímọ́ àti kátítà mímọ́ ti tó, bí àpò ìtọ̀ kò bá ti ń kún àkúnjù.

Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ni, kí ó sì yan kátítà tó yẹ. Ti ọkùnrin sábà máa ń gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí próstéètì rẹ̀ tóbi lè nílò èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ṣóńṣó náà á kọjú sókè bó ṣe ń wọlé.

Ọṣẹ àti omi ni a ó kọ́kọ́ fi fọ ọwọ́ àti orí nǹkan ọmọkùnrin. Bí kátítà kò bá ní ohun tó ń yọ̀ lára tẹ́lẹ̀, a ó fi jẹ́lì ilé ìwòsàn pa á, kì í ṣe faselíìnì. Lẹ́yìn náà, a ó gbé nǹkan ọmọkùnrin sókè síhà ikùn kí ọ̀nà ìtọ̀ lè tọ́, a ó sì máa ti kátítà wọlé díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé ibi próstéètì, ó lè fẹ́ há. Kí a dúró, kí a mí kanlẹ̀, kí a tún rọra tì í; a kò gbọ́dọ̀ fi agbára tì í rárá. Bí ìtọ̀ bá ti ń ṣàn, a ó tì í wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 sí i. Bí ìtọ̀ bá dá, a ó rọra fa kátítà jáde.

Dókítà ni yóò sọ iye ìgbà. Ẹni tí kò lè tọ̀ rárá sábà máa ń ṣe é ní ìgbà 4 sí 6 lójúmọ́, kí ìtọ̀ inú má bàa ju ìdajì lítà lọ.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè yọ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ tàbí tí kò dá, bí ibà àti òtútù bá mú ni, tàbí bí kátítà bá kọ̀ láti wọlé nígbà tí àpò ìtọ̀ ti kún, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.