Àríwá tí boussole ń tọ́ka sí kì í dúró lójú kan

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, a máa ń gbé boussole sórí tábìlì, a ó sì bi wọ́n pé: kí ló ń yí abẹ́rẹ́ yìí sí àríwá? Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní irin òòfà ńlá kan, aimant, ló wà ní ìkángun ayé lọ́hùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń darí abẹ́rẹ́ náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì ń yí padà. Ẹni tó bá ní ìwé ilẹ̀ àtijọ́ nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Bí a bá lè gbẹ́ ilẹ̀ Tchatchou lọ sísàlẹ̀ tààrà, òkúta la ó máa bá títí dé nǹkan bíi kìlómítà 2 900. Ojú irin Cotonou sí Parakou jẹ́ kìlómítà 438. Ẹ rí i pé ó lé ní ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀. Ibẹ̀ la ó ti kan irin tó ti yọ́, tó ń ṣàn bí omi. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni irin líle kan wà, tó rí bíi bọ́ọ̀lù.

Irin yẹn kì í ṣe aimant. Ẹ fi aimant sínú iná alágbẹ̀dẹ kó pọ́n dáadáa. Bó bá jáde, kò ní fa ìṣó mọ́. Irin tó bá ti gbóná ju ìwọ̀n 770 lọ máa ń pàdánù agbára òòfà rẹ̀, inú ayé lọ́hùn-ún sì gbóná ju 3 000 lọ. Níbo wá ni agbára náà ti ń wá?

Ẹ rántí dynamo kẹ̀kẹ́. Bí táyà bá ń yí, aimant inú rẹ̀ á máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, iná á sì tàn. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná á kú. Ìrìn ló ń di iná mànàmáná. Irin tó yọ́ nínú ayé náà ò dúró. Bí ògì ṣe ń hó nínú ìkòkò, tí èyí tó gbóná ń gòkè, tí èyí tó tutù ń sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Yíyí tí ayé ń yí tún ń lọ́ ìṣàn náà bí okùn. Bí irin náà ṣe ń ṣàn kọjá nínú agbára òòfà tó ti wà níbẹ̀, ó ń bí iná mànàmáná. Iná mànàmáná náà ń bí agbára òòfà mìíràn. Ọ̀kan ń bọ́ èkejì, kò jẹ́ kó kú.

Nítorí pé ohun tó ń ṣàn ni, kò lè dúró lójú kan. James Clark Ross rí àríwá boussole ní Canada lọ́dún 1831. Lónìí, ó ti ń sún lọ sí ìhà Rọ́ṣíà. Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ a dojú dé, àríwá á di gúúsù. Bernard Brunhes, ará Faransé, rí àmì rẹ̀ nínú òkúta ní 1906. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ti tó nǹkan bí ọdún 780 000 sẹ́yìn.

Amọ̀ pàápàá ń rántí. Bí amọ̀ tó jóná bá ń tutù, irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á gba àmì agbára òòfà ọjọ́ náà. Wọ́n ti fi àpáàdì láti Senegal àti Mali wádìí bí agbára yẹn ṣe pọ̀ tó láyé àtijọ́. Ní M'Bour, ní Senegal, ilé ìwọ̀n kan ti ń kọ ìyípadà rẹ̀ sílẹ̀ láti 1952.

Kí ló wá kàn wá nínú èyí? Ilẹ̀ ni. Ní nǹkan bíi 1900, abẹ́rẹ́ boussole lágbègbè wa yà kúrò ní àríwá tòótọ́ sí ìwọ̀-oòrùn ju ìwọ̀n 10 lọ. Lónìí, yíyà náà ò tó 3. Ìwọ̀n 10 lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹni tó bá fi rìn kìlómítà 1 ti yà ní nǹkan bíi mítà 170. Odidi oko nìyẹn! Bí wọ́n bá fi boussole ya ààlà nígbà àwọn òyìnbó, tí ẹ sì fi boussole òní tọ ìlà kan náà, inú oko aládùúgbò lẹ lè bọ́ sí. Ìjà á bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó ní ẹnì kan sún ààlà, ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe ìwé náà. Ẹ ní kí géomètre ṣírò ìyàtọ̀ ọdún yẹn sí tòní. Ẹ wá òkúta àti odò tí ìwé náà dárúkọ, kí ẹ sì pe àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì ka boussole lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tàbí alùpùpù, irin wọn á tì í. Abẹ́rẹ́ náà ò parọ́ fún wa. Àríwá rẹ̀ ló ṣí kúrò níbi tó wà nígbà àwọn bàbá wa.