Ìjì Ṣí Páànù: Ta Ni Àtúnṣe Kàn, Ta Ni Yóò San Owó?

Orí òkè ni ìlú Jos wà, ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Òtútù ni gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lo àsìkò òjò kan níbẹ̀ á mọ ìjì rẹ̀ náà. Yìnyín máa ń bá òjò rọ̀ níbẹ̀, á sì máa lu páànù bí ẹni ń ju òkò sí i. Láti ayé ìwakùsà tánganran àti rélùwéè ni ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń gbé ìlú náà. Àwọn kan di onílé, àwọn mìíràn ń gbé inú ilé tí wọ́n ń pè ní gidan haya níbẹ̀, ìyẹn ilé àyágbé. Tọ̀tún-tòsì wọn la kọ èyí fún.

Ojú ọjọ́ Jos àti iṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan

*Oṣù Kìíní sí Ìkẹta:* Ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀. Kí onílé mú káfíńtà gun orí ilé lọ wo ìṣó tó ti dípẹtà, igi tí ikán ti jẹ àti páànù tó ń gbọ̀n. Kí ayálégbé ya fọ́tò yàrá àti ẹrù rẹ̀.

*Oṣù Kẹrin àti Ìkarùn-ún:* Òjò àkọ́rọ̀ dé, ìjì ń ṣáájú rẹ̀. Kí ẹ ti gbá gọ́tà kí ó tó dé.

*Oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án:* Òjò ńlá. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ló le jù. Ní 22 oṣù Keje, ọdún 2012, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ìdídò Lamingo kún àkúnya, omi ya wọ àdúgbò ní Jos. Ó ju ènìyàn 30 lọ tó kú, nǹkan bí 200 ilé ló sì wó tàbí tí omi bò mọ́lẹ̀. Òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa: omi ọjọ́ náà kò béèrè ẹni tó ni ilé kí ó tó wọlé.

*Oṣù Kẹwàá sí Ìkejìlá:* Òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ tún dé. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé adójútòfò yín máa parí.

Ta ni yóò tún ilé ṣe?

Ọ̀pọ̀ ayálégbé gbà pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti sanwó ilé, dandan ni kí onílé tún òrùlé ṣe. Òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀: bí àdéhùn kò bá sọ̀rọ̀ àtúnṣe, ó ṣòro kí kóòtù tó fi í lé onílé lórí. Bákan náà, pé ìjì ṣí páànù kò pa gbèsè owó ilé rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ilé yíyá tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ pé, àyàfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn, onílé ni kó máa tún ìta ilé ṣe, òun náà ni kó gba adójútòfò lé ilé lórí. Ayálégbé ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè sọ fún onílé bí nǹkan ńlá bá bàjẹ́. Òfin Èkó kò dé Jos, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ará Jos má kọ irú rẹ̀ sínú àdéhùn tirẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni: ta ni yóò tún òrùlé ṣe, ọjọ́ mélòó ni yóò fi ṣe é, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ilé bí ilé kò bá ṣeé gbé, ta ni yóò san owó adójútòfò.

Ohun tí òfin adójútòfò wí

Òfin adójútòfò ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan láti gba adójútòfò fún ilé tí ará ìlú ń lò, ó sì ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ọn. Ewu márùn-ún ló dárúkọ: kí ilé wó, iná, ilẹ̀ ríri, ìjì àti omíyalé. Lábẹ́ òfin náà nígbà yẹn, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀, adójútòfò tó jẹ́ dandan sì wà lára ohun tí òfin náà tẹnu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fiyè sí i: ìpalára tí ilé bá ṣe fún ẹlòmíràn ni adójútòfò dandan yìí wà fún. Bí páànù bá já lu aládùúgbò, ó kàn án. Páànù náà fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun tún òrùlé ṣe gbọ́dọ̀ gba adójútòfò iná, kí ó sì rí i pé wọ́n kọ ìjì àti omíyalé mọ́ ọn. Iná nìkan kò tó.

Ẹ má sì dín iye ilé kù. Bí ilé ₦20 mílíọ̀nù bá wà nínú ìwé ní ₦10 mílíọ̀nù, tí ìjì ba ohun tó tó ₦2 mílíọ̀nù jẹ́, ₦1 mílíọ̀nù ni iléeṣẹ́ lè san. Bákan náà, ẹni tí kò tíì san owó kò tíì ní adójútòfò. Iléeṣẹ́ tí NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso adójútòfò ní Nàìjíríà, fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni kí ẹ bá dòwò pọ̀.

Ẹrù ayálégbé

Ìwé onílé kò bo bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì tàbí ọjà tí ayálégbé kó sínú yàrá. Adójútòfò ẹrù ilé wà lọ́tọ̀, ayálégbé ló sì máa gbà á fún ara rẹ̀.

Bí ìjì bá ti jà

1. Ẹ kó ènìyàn kúrò lábẹ́ òrùlé tó yẹ̀, kí ẹ sì pa iná mànàmáná.
2. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó gbá ohunkóhun kúrò.
3. Kí ayálégbé kọ̀wé sí onílé tàbí éjẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà, kí ó fi ẹ̀dà pamọ́.
4. Kí ẹni tó ní adójútòfò tètè ké sí iléeṣẹ́ rẹ̀.
5. Ẹ fi tapólì bo ibi tó ṣí, kí òjò kejì má ba ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́. Ẹ pa rísíìtì mọ́.
6. Kí ayálégbé má ṣe dá àtúnṣe ṣe kí ó yọ ọ́ nínú owó ilé, àyàfi bí onílé bá fọwọ́ sí i nínú ìwé.

Ọjọ́ tí páànù bá wà nínú ọgbà aládùúgbò ti pẹ́ jù láti máa wá ìwé àdéhùn. Kí onílé àti ayálégbé jọ jókòó ní oṣù Kejì, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́ tí inú kò tíì bí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́rin náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.