BÍ A ṢE LÈ SO KỌ̀ǸPÚTÀ MỌ́ TẸLIFÍṢỌ̀N ÀTIJỌ́

Ohun tí a ní ni à ń náání; ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni àpótí yìí ti di ara ilé. Lónìí, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ni àwọn oníṣòwò ń tà, ṣùgbọ́n àwọn ilé kan ṣì ní èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, tí àwòrán rẹ̀ ṣì ń hàn dáadáa. Ẹ má tíì gbé e jù sí àkìtàn. Ó lè gba ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ilé sì rí i.

Ẹ wo kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Bí kọ̀ǹpútà kékeré kan bá wà níwájú ènìyàn 20, àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó súnmọ́ ọn ni yóò rí ohun tí olùkọ́ ń fi hàn. Àwọn tó kù á máa na ọrùn. Bákan náà ni fún ẹgbẹ́ aránṣọ tó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè gbà wá nínú ìṣòro yìí. Owó tí a ó ná kò tó owó tẹlifíṣọ̀n tuntun rárá, bí a bá mọ ohun tí a fẹ́ rà.

ÈDÈ WỌN YÀTỌ̀

Kí ló dé tí a kò lè fi wáyà lásán so wọ́n pọ̀? Ìdí ni pé èdè wọn yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà a máa fi àmì méjì péré kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí babaláwo ṣe ń tẹ àmì ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì sórí ìyẹ̀ròsùn. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò mọ àmì yẹn kà. Iná mànàmáná tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ nínú wáyà ni òun mọ̀, bí ohùn dùndún ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀, tí kò sì já. Ibi tí iná náà bá ti ga ni àwòrán ti ń mọ́lẹ̀. Ibi tó bá ti rẹlẹ̀ ni ó ti ń ṣókùnkùn.

Nítorí náà, a nílò ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Àpótí kékeré kan ni, tí a lè fi àtẹ́lẹwọ́ gbé. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní converter.

Ẹ ṣọ́ra o! Wáyà kan wà lọ́jà tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ HDMI, tí ẹnu kejì sì jẹ́ orí mẹ́ta aláwọ̀ mẹ́ta. Kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ògbufọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n kò ní fi àwòrán kankan hàn.

Ẹ KÀ Á KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ibí yìí ni ìwé kíkà ti wúlò. Oríṣi àpótí méjì ló wà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. HDMI2AV ni wọ́n kọ sára ọ̀kan. AV2HDMI ni wọ́n kọ sára èkejì. Nọ́ńbà 2 tó wà láàárín dúró fún ọ̀rọ̀ náà, "sí". Ohun tó wà níwájú 2 ni ó ń wọlé. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń jáde. Láti kọ̀ǹpútà sí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, HDMI2AV ni tiwa. Èkejì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ búra pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú owó lápò.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti pẹ́, ó lè jẹ́ ihò VGA ni ó ní. Ihò wẹ́wẹ́ 15 ló wà nínú rẹ̀, ní ìlà mẹ́ta. Àpótí tó ń túmọ̀ VGA sí AV ni kí ẹ béèrè.

IHÒ ALÁWỌ̀ MẸ́TA

Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín, tàbí iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ihò róbótó:

Yẹ́lò, bí èso ìyeyè tó pọ́n: àwòrán.
Funfun: ohùn apá òsì.
Pupa: ohùn apá ọ̀tún.

Bí yẹ́lò àti funfun nìkan bá wà, kò burú; ohùn yóò ṣì jáde. Ibi tí wọ́n kọ IN sí ni kí ẹ lò. IN ni ìwọlé, OUT ni ìjáde.

BÍ A ṢE Ń SO Ó

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n.
2. Ẹ fi wáyà HDMI so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí náà.
3. Ẹ fi wáyà aláwọ̀ mẹ́ta so àpótí mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wọ ihò tirẹ̀.
4. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ PAL àti NTSC sí. Ẹ tì í sí PAL, nítorí PAL ni tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti Nàìjíríà ń lò. Bí ó bá wà ní NTSC, àwòrán lè máa yí, tàbí kí ó má ní àwọ̀.
5. Ẹ fún àpótí náà ní iná. Fóòtì 5 ni ó ń lò, nítorí náà ṣájà fóònù tó fóòtì 5 tó fún un.
6. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tẹ AV lórí rìmóòtù.
7. Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ ti Windows, ẹ di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ tẹ P, kí ẹ sì yan Duplicate. Ohun kan náà yóò hàn níbi méjèèjì.

Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá ní ju ihò eriali lọ, ẹ̀rọ kan tún kù tí ẹ ó fi sáàárín. RF modulator ni orúkọ rẹ̀. Yóò sọ àwòrán náà di bí ti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó sì wá a rí bí ẹ ti ń wá ìkànnì.

OHUN TÍ Ẹ Ó RÍ

Fíìmù àti ojú ènìyàn yóò dára. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni yóò ṣe bàìbàì. Ìlà àwòrán 576 ni PAL ní. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní ní 1080. Aṣọ ńlá kò lè wọ inú àpò kékeré kí ó má ká. Olùkọ́ tó fẹ́ fi ìwé han kíláàsì ní láti sọ lẹ́tà di ńlá. Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ máa tẹ àmì +.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn: ẹ má tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, iná inú rẹ̀ lè ju 20,000 fóòtì lọ. Ó sì lè kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ó lè pa ènìyàn. Gbogbo ohun tí a sọ yìí, ìta ni a ti ń ṣe é. Inú rẹ̀ di ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

ÌBÉÈRÈ

1. Èwo ni kí á rà, HDMI2AV tàbí AV2HDMI? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Kí ni iṣẹ́ wáyà yẹ́lò?
3. Kí ló dé tí kò yẹ kí á tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, bí a tilẹ̀ ti yọ iná rẹ̀?