Láti Ìdèrè Dé Abà: Ibi Tí Ìwòsàn Ti Ń Dúró De Aláìsàn

Bí ènìyàn bá yà kúrò lójú títì lẹ́yìn Ìdèrè, kò pẹ́ tí ọ̀dà fi ń tán, tí ojú ọ̀nà á di yangí àti kòtò. Ọlọ́kadà tó gbé mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ibẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gúsí wà lósì, àwọn obìnrin tó ru igi ìdáná sì ń yà sínú koríko kí a lè ráyè kọjá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a dé odò kékeré kan tí kò ní afárá, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ kí n fẹsẹ̀ wọ́ ọ, òun á máa ti ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn mi. Omi mù mí dé orókún. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbé aláboyún kọjá níbí.

"Ẹnì kan á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á dì í mú. Tí odò bá kún ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi, a óò dúró kó fà ni."

Ìbàràpá, agbègbè tí Ìdèrè wà, kì í ṣe ibi tí àwọn oníṣègùn kò mọ̀ o. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera ará ìlú sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà fi ń wá gbé láàárín àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ibi tí àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà náà, sòbìà ló gba ilẹ̀ yìí kan.

Ní abà àkọ́kọ́ tí a dé, bàbá àgbàlagbà kan ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kó lè fi àpá hàn mí: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀, méjì lójúgun. "Àsìkò tí iṣẹ́ oko bá wọra gan-an ló máa ń yọ," ó ní. "Ẹ̀gẹ́ á wà nílẹ̀, èmi náà á wà nílẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá mu omi adágún tí kòkòrò tíntìntín tó gbé ọmọ sòbìà wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan, àfi lọ́jọ́ tí aràn tó lè gùn tó mítà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá tún fi ẹsẹ̀ náà wọ adágún, ó ti kó o ran gbogbo abà nìyẹn. Àwọn baba wa ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là ń ké sí. A ké sí i títí, sòbìà kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n ju 650,000 lọ. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Nígbà tó di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Kò sí abẹ́rẹ́ fún un, kò sì sí oògùn tí a lè mu. Aṣọ asẹ́ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀, pẹ̀lú kànga, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún, àti ẹnì kan nínú abà kọ̀ọ̀kan tó ń kọ orúkọ ẹni tó bá ní in sílẹ̀. Wọn kò ní kí bàbá yìí fi ẹsẹ̀ tó wú rìn wá sí Igbó-Ọrà. Ìwòsàn ló rìn lọ bá a.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo bá wọn nílé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní abúlé kan níwájú. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Yàrá méjì, bẹ́ẹ̀dì kan, òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ igi àjà, tí ọmọ kan ń fì nínú rẹ̀ tó ń ké. Àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí dé ìta.

"Ànńtí, ṣé abẹ́rẹ́ ti dé?"

"Ó ti wà lọ́nà o, ìyá ìbejì. Ẹ fún wọn lọ́mú ná."

Nínú kúlà ni abẹ́rẹ́ náà ń bọ̀ láti ìlú, torí pé kò sí fíríìjì níbẹ̀. Mo béèrè oògùn tí wọ́n ń fún obìnrin nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Òṣìṣẹ́ ìlera náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Oxytocin ni oògùn náà, ó sì fẹ́ ibi tútù, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èmi tí mo kàn jókòó nínú yàrá yẹn, òógùn ti bò mí. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ sì lè kú láàárín wákàtí 2. Kò sí ọ̀kadà tó lè bá wákàtí 2 náà du eré lóru òjò.

Àwọn ará ìlú ńlá fẹ́ràn láti máa sọ pé àgbo àti agbẹ̀bí ló ń pa àwọn ará oko. Mo lọ sílé agbẹ̀bí kan. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà, wọ́n sì fún mi lómi. "Ta ló fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú sí òun lọ́wọ́?" wọ́n ní. "Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀, ọlọ́kadà ni mo máa ń ránṣẹ́ sí. Bó bá sùn, a jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló kù." Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018, ìdá 39 nínú 100 ìbímọ ní Nàìjíríà ló wáyé nílé ìwòsàn. Nínú ìwádìí kan náà, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí ní ìgbèríko, 157 ló kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún; ní ìlú ńlá, 92 ni. Ìba, ìgbẹ́ gbuuru àti àìsàn àyà wà níbi méjèèjì. Ọ̀nà ló yàtọ̀.

Oògùn oníhóró kan wà tó ń jẹ́ misoprostol tí kò nílò fíríìjì. Láti 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tó gba ẹ̀kọ́ lè fún obìnrin lẹ́yìn tó bá bímọ, níbi tí kò bá ti sí nọ́ọ̀sì. Owó tí wọ́n lè fi ṣe é kò jìnnà pátápátá: òfin ìlera 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún irú ìtọ́jú yìí. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan fún wọ́ọ̀dù kan ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, abà tó wà nínú wọ́ọ̀dù kan ní Ìbàràpá sì pọ̀, odò sì wà láàárín wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lóko, tí káńsẹ́lọ̀ bá wá tọrọ ìbò, ẹ má jẹ́ kó fi ilé tuntun tí wọ́n kùn lọ́dà tàn yín jẹ. Ẹ bi í pé ta ni yóò kọ́ agbẹ̀bí abà yín níṣẹ́, ta ni yóò gbé misoprostol lé e lọ́wọ́, ta ni yóò sì máa sanwó ọlọ́kadà lóru.