Kí Ló Dé Tí Ọmọ Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Iná Fi Ń Jókòó Ti Kọ̀ǹpútà?

Àwọn kan nínú yín máa ń bi mí pé, ọmọ tí a rán lọ yunifásítì kó lọ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, kí ló dé tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ látàárọ̀? Ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká wo iná tí à ń lò ní Sókótó níhìn-ín. Láti Kainji ni wáyà ńlá ti gbé e wá sí Birnin Kebbi, ní fóólìtì 330,000. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí 132,000 kó tó wá bá wa. Bí fóólìtì bá ga, ìṣàn inú wáyà á dín kù, èyí tó ń di ooru dànù lójú ọ̀nà á sì dín kù. Bí a bá fi 132,000 gbé iye iná tí 330,000 ń gbé, lórí irú wáyà kan náà, òfò rẹ̀ yóò ju ìlọ́po 6 lọ.

Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ ogún ọdún dán èyí wò lórí wáyà gan-an? Lórí kọ̀ǹpútà, á ya wáyà náà, á kọ gígùn rẹ̀ àti iye iná tí ìlú ń fà sí i. Á fi ti alẹ́ oṣù kẹrin kún un, nígbà tí ooru Sókótó mú tí gbogbo ilé tan fáànù. Á rí i tí fóólìtì ń wálẹ̀. Á so kàpásítọ̀ mọ́ ìpẹ̀kun wáyà, fóólìtì á tún gòkè. Á já wáyà bọ́ sílẹ̀, á sì wo bí súìsì ńlá ṣe tètè gé iná tó. Ẹnikẹ́ni kò kú, tírànsífọ́mà kankan kò jó.

Àfarawé yìí ti pẹ́. Ní 1929, MIT àti General Electric ní Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe bíi wáyà ìlú ní kékeré, kí kọ̀ǹpútà tó dé rárá. Lóde òní, ètò bíi OpenDSS wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í sọ fún ọmọ pé súìsì ti dípẹtà, tàbí pé eruku ọyẹ́ ti bo tánganran orí òpó. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín bá ń wá ibi tí yóò ti ṣe SIWES oṣù 6, ẹ má ṣe wá ọ́fíìsì tó tutù fún un. Ibùdó iná ni kó lọ.