Freedom Park: Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Tó Di Ọgbà Ìgbafẹ́

Ọdún 1882 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí Broad Street l'Ékòó. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Àwọn tí inú ń bí sí ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í ju iná sí orí koríko. Nígbà tó di 1885, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó bíríkì wá láti ìlú wọn, wọ́n sì tún un kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́. Ibẹ̀ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti lo díẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n tirẹ̀.

Wọ́n wó o lọ́dún 1979, wọn ò sì kọ́ nǹkan kan dípò rẹ̀. Igbó gba ilẹ̀, ará àdúgbò sọ ọ́ di ààtàn, àwọn ọmọọ̀ta sì fi ṣe ibùba. Ilẹ̀ olówó gọbọi ni o, láàárín àwọn báńkì àti ọ́fíìsì ńláńlá!

Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ló dábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ó ti ń sọ ọ́ láti nǹkan bí ọdún 1999, àmọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira, ni wọ́n tó ṣí i.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn ò pa ìtàn ibẹ̀ rẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni wọ́n kọ́ pèpéle eré sí. Ẹni tó bá sì dúró níbi tí wọ́n fi àmì yàrá ẹlẹ́wọ̀n sí yóò rí bó ti há tó: kò sí bí géńdé méjì ṣe lè na ara níbẹ̀.

Ṣíṣí ọgbà kò nira. Àìmọye ọgbà ni gómìnà ti já tẹ́ẹ́pù rẹ̀ tí koríko sì tún bò mọ́lẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ń lọ nínú rẹ̀: orin, tíátà, àwòrán, oúnjẹ, àti àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá. Ibi tí èrò bá ń wọ̀, ẹnìkan á máa gbá a.

Owó ìwọlé wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, n kò sì bá wọn jà sí i. Àmọ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò ní ibi ìṣeré mìíràn ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí ọmọdé àdúgbò á máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì san owó ọjọ́ náà.